Ibi Tí Loishiye Ń Gbé Etí Lé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin gíga kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù, tó gbé etí lé àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, tó dijú bí ẹni tó ń tòògbé, Loishiye nìyẹn. Ẹ má kí i. Èmi kí i lọ́jọ́ kan, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé pápá Simanjiro, kò dá mi lóhùn, mo sì gbé ìbínú wọlé. Mo ní irú ọkùnrin wo ni eléyìí tí wọn ò kọ́ ní ìkíni nílé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èémí ẹran ló ń gbọ́.

Nakijwa lorúkọ mi, ọmọ Pare ni mí, orí òkè ni wọ́n bí mi sí. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti wà nílé ìwòsàn abúlé yìí. Èmi ni mò ń wọn aláìsàn, èmi ni mò ń fọ abọ́ àti ìgò, èmi náà ni mò ń là wọ́n níjà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n bá ń du ipò. Ẹnu mi mú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn Maasai tí mò ń bá gbé náà sì ti gbà fún mi. Ọjọ́ tí mo gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn Loishiye, ó fà mí ní àgùntàn kan lọ́wọ́. Níbí, ẹni tó fúnni lágùntàn àti ẹni tó gbà á, Paker ni wọn yóò máa pe ara wọn títí ọjọ́ alẹ́. Òun ni Paker mi, èmi ni Paker rẹ̀, a ò sì dárúkọ ara wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Loishiye nígbà tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró wọ agbo màlúù bàbá rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá, kì í sì í yí i padà. Ó ní àwọn màlúù náà na ọrùn síwájú, wọ́n ya ẹsẹ̀ iwájú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò sì jẹ́ dùbúlẹ̀. Bàbá rẹ̀ pa ọ̀kan tí kò ní í yè, ó la egungun ìhà rẹ̀, omi pupa rúsúrúsú sì tú jáde láàárín egungun àti ẹ̀dọ̀fóró, pẹ̀lú nǹkan tó dì bí ẹyin sísè. Ìhà kan ṣoṣo ni omi náà wà. Ìhà kejì mọ́ tónítóní. Bàbá rẹ̀ fi kèrègbè bu díẹ̀ nínú omi yẹn, ó fi ọ̀bẹ gé orí imú àwọn tí ara wọn le, ó sì kán omi náà sójú ọgbẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé wọn nìyẹn. Imú á wú, ìwo àwọn mìíràn tilẹ̀ lè wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá yè é, àrùn yẹn kì í padà wá bá a.

Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ mú un létí, ó gbé etí náà lé àyà màlúù tó ń ṣàìsàn.

"Kí lo gbọ́?"

"Afẹ́fẹ́, Bàbá."

"Sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Kí lo gbọ́?"

"Afẹ́fẹ́."

"Sọ̀ sí i, súnmọ́ egungun àyà. Báyìí ńkọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Omi nìyẹn. Ibi tí èémí bá ti dákẹ́, ibẹ̀ lojú omi wà. Fi èédú fa ilà síbẹ̀. Lọ́la, ká wò ó bóyá ó gòkè ni àbí ó sọ̀."

Bí Loishiye ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di àgbàlagbà, àwọn èèyàn ń rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta wá pè é. Dókítà ẹran tí ìjọba rán wá gan-an, òun ló máa ń kọ́kọ́ bi. Bó bá ní màlúù yìí á yè, á yè. Bó bá ní kí wọ́n pa á kó tó ran àwọn yòókù, ọ̀bẹ ni wọ́n á lọ mú. Kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ju tíì oníwàrà lọ. Ṣùgbọ́n ó gbádùn iyì rẹ̀ o, ẹ má jẹ́ n parọ́. Tó bá gbọ́ tán, á dìde díẹ̀díẹ̀, á gbọn eruku aṣọ rẹ̀, á sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa wo ẹnu òun kó tó sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Paker, ọjọ́ kan ni màlúù á kú kí o tó gbọnra tán."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn wá fún un. Ta ni yóò rí irú etí bẹ́ẹ̀ tí kò ní í gbé ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ wá? Loishiye kò lé wọn. Á ní kí aláìsàn jókòó, á gbé etí lé iwájú àyà rẹ̀, lẹ́bàá egungun àyà, níbi tí bàbá rẹ̀ fi hàn án. Á ní, "Àyà yìí gbẹ," wọ́n á sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọdún kẹsàn-án tí mo débí ni àbúrò rẹ̀, Sendui, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó rù hangogo. Nígbà tó yá, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kó jókòó kó fẹ̀yìn ti òpó ilé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Parkepu, ní kí àwọn gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní ìgboro. Loishiye gbọ́ àyà àbúrò rẹ̀ ní àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, ó ní, "Àyà rẹ̀ gbẹ. Òtútù ló mú un. Ẹ máa fún un ní ọ̀rá àgùntàn mu." Ta ni yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Loishiye? Ilé ìwòsàn tiwa kò ní dókítà lọ́dún náà, èmi tó sì yẹ kí n pariwo, èmi tí ẹnu mi mú yìí, mo ní ṣebí Paker ti gbọ́ ọ. Sendui kú kí òjò tó dé. Ó ń dùn mí dòní.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kan ìyàwó Loishiye fúnra rẹ̀. Nairukoki lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìhà ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń gún un tó bá mí kanlẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀gún há síbẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìrora náà sì lọ. Gbogbo ilé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìrora ṣe lọ ni èémí rẹ̀ ń kúrú. Kò lè gbé omi láti odò mọ́. Tó bá dùbúlẹ̀, ìhà ọ̀tún nìkan ló lè fi sùn. Loishiye gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ó gbẹ.

Nairukoki kò tilẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nítorí ara rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbé wá wọ̀n. Mo rí i pé ó dúró lẹ́ẹ̀mejì láàárín ẹnu ọ̀nà àti tábìlì mi, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ.

Mo ní, "Nairukoki, ta ló ń lé ẹ?"

Ó ní, "Ọjọ́ orí ni."

"Ọjọ́ orí ta ni? Èmi kọ́ ni mo fi ọdún márùn-ún jù ẹ́ ni? Jókòó síbẹ̀."

"Bàbá wọn ti gbọ́ àyà mi. Ó ní ó gbẹ."

Mo rántí Sendui àti òpó ilé rẹ̀. Mo ní ní tèmi o, mi ò ní í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo rán ọlọ́kadà sí Loishiye pé kó wá lójú ẹsẹ̀, pé Paker rẹ̀ ní kó wá. Kò pẹ́ tó fi dé, ó fa ojú ro.

"Paker, o pè mí kúrò nídìí ẹran."

"Mo pè ọ́ kúrò nídìí ẹran wá sídìí ìyàwó ẹ. Dókítà fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Jẹ́ kó tún un yẹ̀ wò kí o lè wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí Loishiye bá tọ̀nà, Nairukoki yóò máa lọ sílé, ara rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Bí kò bá tọ̀nà, tí a sì jẹ́ kó lọ, bí Sendui ṣe lọ ni òun náà yóò lọ.

Eliakunda ni dókítà wa, Kunda ni à ń pè é. Ọmọdébìnrin ni, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí Nairukoki jókòó sórí ibùsùn. Ó tẹ́ ìka kan lé iwájú àyà rẹ̀, ó fi ìka kejì gbá a. Ó ń dún bíi kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Loishiye na ọrùn.

Ó ní, "Ibi tí mo gbé etí lé gan-an nìyẹn."

Kunda ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ibí yìí gbẹ."

Mo rí ojú Loishiye. Ó yí wò mí, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Mo fẹ́ gbá a létí.

Kunda ní, "Màmá, ẹ kẹ̀yìn sí mi. Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà." Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká ọ̀tún, ó ń gbá a sísàlẹ̀. Òfìfo, òfìfo, òfìfo. Nígbà tó dé ìdajì ẹ̀yìn, ó dún kì. Ó sọ̀ sí i, ó dún kì. Ó gbá ìhà òsì: òfìfo ni títí dé ìsàlẹ̀. Ó padà sí ọ̀tún, kì. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún nínú ilẹ̀ tí a ti ń fi ìka gbá kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́ láti mọ omi tó kù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wá fi etí tiyín gbọ́ ọ."

Loishiye kò lọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé etí lé ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ lókè, ó dijú. Ó sọ̀. Ó tún sọ̀. Ó dúró. Ó gòkè padà, ó tún sọ̀ kalẹ̀ síbi kan náà. Ó na ọwọ́ sí mi láì lajú.

"Èédú."

Mo bu èédú wá fún un láti ìdí ààrò, ó fa ilà sí ẹ̀yìn Nairukoki.

Nairukoki ní, "Ṣé èmi náà ti di màlúù?"

Loishiye bi Kunda pé, "Kí ni omi ń wá lẹ́yìn? Iwájú lomi máa ń wà, nídìí egungun àyà."

Kunda wo yàrá yíká, ó rí kẹ́ẹ̀gì mi, omi inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Ó fi í dùbúlẹ̀. "Màlúù rèé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró, àyà rẹ̀ ló kọjú sílẹ̀. Níbo lomi á wà?"

"Nídìí àyà."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì dúró. "Èèyàn tó jókòó rèé. Ẹ̀dọ̀fóró wà nínú, omi yí i ká, láàárín òun àti egungun ìhà. Gbogbo wa la ní omi níbẹ̀, ṣíbí díẹ̀ péré, kí ẹ̀dọ̀fóró lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Tó bá wá pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ ló ń wá. Ìsàlẹ̀ èèyàn tó jókòó, ẹ̀yìn ni, lókè ìbàdí. Ibẹ̀ ni ihò náà ti jìn jù. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń kún, kó tó fẹ̀ wá síhà, kó tó gun iwájú. Tí iwájú bá fi máa kún, èémí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Ṣé kò ní í kọjá sí òsì?"

"Ògiri wà láàárín. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé."

Loishiye mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn kò ṣe àjèjì sí i. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ: ẹni tó mọ̀ nípa omi yìí jù lọ ní gbogbo Simanjiro ló ṣì í, nítorí pé kò rántí pé èèyàn ń jókòó.

Wọ́n ní kí Nairukoki fara lé tábìlì, kó gbé orí lé apá. Kunda fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kú, ó sì ti abẹ́rẹ́ gígùn bọ ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ilà èédú, lókè egungun ìhà kan. Omi náà jáde, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní wàrà. Èmi ni mo di ìgò mú. Ìgò kan kún, a mú òmíràn. Loishiye kò gbé ojú kúrò lára omi náà. Nígbà tí ìgò kejì dé ìdajì, Nairukoki bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Kunda sì fa abẹ́rẹ́ yọ.

Loishiye ní, "Ó ṣì kù."

"Ó kù. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti há mọ́lẹ̀ tipẹ́, a kì í tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn á bá wa gbẹ èyí tó kù. Tó bá jẹ́ ikọ́ fée ni, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò, oṣù mẹ́fà ni wọ́n á fi lò ó láì pa ọjọ́ kan jẹ."

Nairukoki mí. Ó tún mí, ó jẹ́ kó wọlé dáadáa, ó ní, "Há, ṣé gbogbo èyí ni ẹ ń mí láti ọjọ́ yìí tí ẹ ò fún mi?" Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú mi. Kò ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn náà tó fi fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn wa, tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, tó sùn.

Loishiye dúró tì í.

"Dókítà, tí omi yìí bá wà lára èèyàn, tó sì dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

Kunda na kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, omi á tẹ́ lọ sí gbogbo ẹ̀yìn, láti ìbàdí dé èjìká. Èémí á há. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í lè sùn àfi kí wọ́n jókòó."

"Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fẹ̀yìn ti nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó jáde. Mo bá a níta lẹ́bàá igi, ó dúró, kò sunkún, kò sì wò mí. Mi ò bá a wí. Kí ni mo fẹ́ sọ, èmi tí mo dákẹ́ nígbà náà?

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ń fi èédú fa ilà sí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀. Ilà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń ka oògùn rẹ̀ fún un bí ẹni ń ka ẹran wọlé, obìnrin náà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ayé. Ọjọ́ tí etí rẹ̀ gbọ́ afẹ́fẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó wá sílé ìwòsàn.

"Paker, bá mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Parkepu."

Opó Sendui kò jìnnà sí i, inú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún kan náà ni wọ́n ń gbé. A bá a tó ń fi eérú gbígbóná fọ inú kèrègbè wàrà. Loishiye jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú obìnrin. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: iwájú tó gbé etí lé, ẹ̀yìn tí omi wà. Ó ní, "O ní ká gbé e lọ. Èmi ni mo ní kó má lọ. Etí mi ló pa á."

Obìnrin náà gbé kèrègbè sílẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Èmi ni mò ń fi ọ̀rá pa á lẹ́yìn lójoojúmọ́. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ máa ń mì mí lọ́wọ́ lókè, lábẹ́ èjìká. Tí ọwọ́ mi bá ti dé ìsàlẹ̀, kò ní í mì mọ́. Ó kàn tutù, ó dákẹ́. Lójoojúmọ́, ibi tó dákẹ́ yẹn ń gòkè."

Loishiye gbé ojú sókè.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìwọ lo ní etí," ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ta ni yóò bi ọwọ́ mi?"

Ewúrẹ́ kan wá ń fi imú tú eérú, kò sí ẹni tó lé e. Lẹ́yìn náà Loishiye tú aṣọ pupa rẹ̀ kúrò léjìká, ó kẹ̀yìn sí obìnrin náà.

"Fi ibẹ̀ hàn mí," ló wí.

Ìyá Parkepu nu eérú kúrò lọ́wọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn arákùnrin ọkọ rẹ̀, lábẹ́ èjìká lápá ọ̀tún, ó sì rọra sún un wá sísàlẹ̀, títí tó fi dé ibi tó mọ̀.

"Ibí," ló wí. "Sọ̀rọ̀, kí n gbọ́."

Loishiye la ẹnu. Ó bi í bí bàbá rẹ̀ ṣe bi òun nígbà náà pé, "Kí lo gbọ́?"